Kí la lè bá àwọn ọmọ ṣe ní ìparí ọ̀sẹ̀ kí aago tó yí padà?

Ìyá Mẹ́ta, Woolwich

Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o, ẹ̀yin ará ilé.

Àwọn ọmọ ti wọlé padà sí ilé ìwé, mo dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n fi wà nílé, ilẹ̀kùn firíìjì mi ò sinmi. Èyí tó wá kù báyìí ni ìparí ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mẹ́ta ni ọmọ: ọkùnrin ọmọ ọdún méjìlá tó ti gbà pé àgbàlagbà lòun, obìnrin ọmọ ọdún méje, àti àbíkẹ́yìn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Màmá mi náà wà lọ́dọ̀ wa, wọ́n wá láti Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ, ó di oṣù kọkànlá kí wọ́n tó padà.

Lọ́dún tó kọjá, "ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" ni mò ń sọ títí wọ́n fi yí aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan ní ìparí oṣù kẹwàá, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní London níbí. Kí n tó ṣẹ́jú, ilẹ̀ ti ń ṣú ní aago mẹ́rin ààbọ̀, gbogbo wa bá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n títí di oṣù kẹta. N ò fẹ́ irú ẹ̀ mọ́. Kí lẹ máa ń bá ọmọ ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìwọ́wé yìí tí kò ní gbọ́n àpò mi gbẹ? Ẹ rántí pé Sọ́ńdè ò ṣeé gbára lé, ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í tú kó tó di aago mẹ́ta.

Bàbá Ìbejì, Peckham

Ìyá Mẹ́ta, ẹ wà ní Woolwich, ẹ wá ń béèrè ibi tí ẹ máa gbé ọmọ lọ láìnáwó? A kì í wà létí odò ká máa fi itọ́ fọwọ́.

Ẹ ṣe báyìí. Ẹ wọ DLR, ọkọ̀ ojú irin kékeré yẹn, ní Woolwich Arsenal, ẹ sọ̀ ní King George V. Ibùdó kan péré ni, ṣùgbọ́n abẹ́ odò Thames ni ọkọ̀ yẹn ń gbà. Ẹ wá fẹsẹ̀ rìn lọ sí etí omi ní North Woolwich, bí iṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọmọ kékeré, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi Woolwich Ferry padà sílé. Ẹ lọ lábẹ́ omi, ẹ bọ̀ lórí omi. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí ferry yẹn, ọ̀fẹ́ ló ti jẹ́ láti 1889.

Èyí tí àwọn ìbejì mi fẹ́ràn jù ni ìjókòó iwájú pátápátá nínú DLR. Kò ní yàrá awakọ̀, ẹ̀rọ ló ń darí ara rẹ̀, ọmọ lè jókòó ti gíláàsì iwájú kó máa ṣe bí ẹni tó ń wa ọkọ̀. Bí ẹ bá rí bàbá onítáì kan tó ń bá ọmọdé du ìjókòó yẹn, ẹ kí mi.

Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀: ọmọ tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlá kì í sanwó lórí DLR, Tube àti Overground tí àgbàlagbà tó sanwó bá mú un dání, àgbàlagbà kan sì lè mú tó mẹ́rin. Èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá yẹn, kó mú káàdì Zip ti ọmọ 11 sí 15 dání. Bọ́ọ̀sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún un, ṣùgbọ́n á san owó ọmọdé lórí DLR.

Ẹ wo orí ẹ̀rọ TfL, àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ London, kí ẹ tó jáde, torí ferry máa ń dákẹ́ tí kùrukùru bá bolẹ̀. Tó bá dákẹ́, ihò ẹlẹ́sẹ̀ wà níbẹ̀ tó gba abẹ́ odò kọjá, láti 1912. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ pariwo nínú ẹ̀ kí wọ́n gbọ́ bí ohùn wọn ṣe ń padà bọ̀.

Ìyá Mẹ́ta, Woolwich

Ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń gbé ibí, n ò wọ ferry yẹn rí! Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún Màmá. Wọ́n ní kí ló dé tí àwọn máa fi gba abẹ́ omi nígbà tí afárá wà. Mo ní kò sí afárá ní Woolwich. Wọ́n ní, "Áà, ìjọba òyìnbó náà máa ń gbàgbé nǹkan."

Ìyá Aṣiráfù, Barking

Ẹ kú iṣẹ́ o. Fún àwa tí ọmọ wa ń lọ ilé-kéwú ní Sátidé, aago kan ọ̀sán ni ọjọ́ ń bẹ̀rẹ̀, àárẹ̀ á sì ti mú ọmọ. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ lèmi fi ń ṣe ìjáde tèmi. British Museum máa ń ṣí títí di aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, kò sí owó ìwọlé, èrò á sì ti ń dín kù.

Ẹ má ní ẹ fẹ́ rìn gbogbo ilé náà o. Ẹni tó bá gbé ọmọ ká gbogbo yàrá yẹn, ẹkún ló máa gbé padà sílé. Yàrá kan ṣoṣo lèmi ń wọ̀: Yàrá 25, nísàlẹ̀ ilé, níbi tí orí idẹ Ifẹ̀ wà. Ní 1938 ni wọ́n hú u jáde nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ n'Ílé-Ifẹ̀. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lójú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ọmọ mi obìnrin dúró síwájú rẹ̀, ó fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ta ló fi bíírò ya ojú ẹ̀?" Mo ní ilà ni, bàbá bàbá rẹ náà kọ ọ́. Ló bá ní ká pè wọ́n lórí fídíò kí òun fi wọ́n wé ara wọn. A pè wọ́n níbẹ̀, wọ́n wà nílé ní Ìwó, wọ́n gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sún mọ́ fóònù títí tí a ò rí nǹkan mìíràn mọ́ àfi ilà. Ẹ̀ṣọ́ wò wá, kò sọ nǹkan kan.

Láti ọjọ́ yẹn, òun ló ń rán mi létí pé Jímọ̀ ti dé.

Àdùkẹ́, Kent

Ẹ̀yin ará London, ẹ jáde ní ìgboro wá sọ́dọ̀ wa! Ápù ti pọ́n.

Oko tí èèyàn ti lè fọwọ́ ara rẹ̀ ká ápù pọ̀ ní Kent. Wọ́n á fún yín lápò, ẹ ó ká a, wọ́n á wọ̀n ọ́n, ẹ ó sanwó iye kílò tó bá jẹ́. Ẹ kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ká a: kó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e láti ìsàlẹ̀, kó gbé e sókè díẹ̀, kó lọ́ ọ. Tó bá ti pọ́n, fúnra rẹ̀ ló máa já. Ọmọ tó bá ń fà á tagbáratagbára, ẹ̀ka ló máa fà ya, olóko á sì máa wò yín. Ní Brogdale, lẹ́bàá Faversham, ibẹ̀ ni wọ́n kó oríṣi èso gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa mọ́ sí, oríṣi ápù tó wà níbẹ̀ lé ní 2,000. Ọmọ mi tó ti rò pé oríṣi ápù méjì péré ni Ọlọ́run dá, pupa àti àwọ̀ ewé, ló rí òmíràn tí ara rẹ̀ rí hányin-hànyìn bí iṣu, tó sì dùn. Ó bi mí pé kí ló dé tí sọ́ọ̀bù kì í tà á. N ò rí èsì fún un.

Ti elégédé ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú mi. Lọ́dún tó kọjá, mo kó ọmọ mẹ́ta lọ sí oko elégédé kan. Wọ́n gba owó ìwọlé lórí gbogbo wa, títí kan ọmọ ọwọ́ tí kò mọ elégédé yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù. Òjò ti rọ̀ lóru. Bàtà kánfáàsì funfun ni mo wọ̀, bí ẹlẹ́yà. Ẹrẹ̀ gbé bàtà ọmọ mi àárín mì, ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí lékeléke, ó ń ké. Nígbà tí a sanwó elégédé mẹ́ta tán, ó ju owó tí mo máa ń fi ra èyí tó kún àpò lọ́jà. Mo délé mo fi ọ̀kan se àsáró, omi lásán! Àwọn ńláńlá tí wọ́n ń gbẹ́ ojú sí yẹn ò ládùn. Èyí tí èèyàn ń jẹ, kékeré ni, awọ rẹ̀ le, inú rẹ̀ pọ́n fòò. Lọ́jà ni kí ẹ ti rà á.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Lọ́dún yìí mo tètè lọ sí oko mìíràn tó wà nítòsí wa, nígbà tí ìtàkùn elégédé ṣì ń rúwé, mo béèrè bóyá mo lè já ewé díẹ̀ lórí. Bàbá olóko ní kí ni mo fẹ́ fi ewé ṣe. Mo ní mo fẹ́ sè é ni. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n máa já lọ. Àpò méjì gbọ̀rọ̀ ni mo gbé délé, ewé tuntun tó ṣì ní irun wẹ́wẹ́ lára. Ẹ sọ fún Màmá.

Ìyá Mẹ́ta, Woolwich

Mo sọ fún wọn. Wọ́n ti dìde, wọ́n ń wá bàtà.

Olùwàásù, Dagenham

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń ra elégédé, ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, Halloween tí àwọn òyìnbó fi ń ṣeré iwin, kì í ṣe ọjọ́ tiwa. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ gbẹ́ ojú àǹjọ̀nú sí nǹkan gbé e sẹ́nu ọ̀nà ilé yín.

Àkànní Ìbàdàn, Croydon

Ọ̀gá, ẹni tó ti sá fún eégún Olóòlù ní kékeré, tó ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ewúrẹ́ ìyá rẹ̀, ṣé elégédé tí wọ́n gbẹ́ ihò sí lójú ló tún máa dẹ́rù bà á?

Olùwàásù, Dagenham

Ìyẹn gan-an ni mò ń sọ.

Alábòójútó

Ẹ dákun. Ọ̀rọ̀ yìí ló pa ìjíròrò ọdún tó kọjá, ojú ìwé mẹ́sàn-án, kò sì sí ẹni tó rántí gbé ọmọ jáde. Kí kálukú ṣe bí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ bá ti ní. Ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ òun kanlẹ̀kùn kiri tọrọ súìtì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì máa ń ṣe àríyá fún àwọn ọmọdé lọ́jọ́ náà, ẹ tètè béèrè. Ó tán. Ìjáde la wà lórí ẹ̀.

Ọmọ Ọ̀yọ́, Lewisham

Mo ti ń retí kí ẹ parí ìjà kí n tó sọ tèmi.

Èso méjì ló ń já bọ́ lábẹ́ igi lásìkò yìí tó jọra wọn, ó sì yẹ kí òbí mọ ìyàtọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní conkers. Ẹ̀gún ara èèpo rẹ̀ nípọn, ó sì jìnnà síra. Èso inú rẹ̀ rí roboto, ó ń dán bíi bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní pọ́líìṣì. Kò ṣeé jẹ rárá, inú rírun àti èébì ló ń fà. Èkejì ni chestnut tí wọ́n ń yan jẹ. Ẹ̀gún tirẹ̀ wẹ́wẹ́, ó pọ̀ gìrìgìrì bíi ti òòrẹ̀, èso méjì mẹ́ta ló máa ń fún ara wọn mọ́ra nínú èèpo kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ṣóńṣó lórí. Igi rẹ̀ wà ní Greenwich Park tí wọ́n gbìn láti ayé Ọba Charles Kejì ní àwọn ọdún 1660. Ẹ lọ wò ó, ìdí rẹ̀ lọ́ bí okùn tí wọ́n fún. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé àpò lọ o: ní gbogbo ọgbà ọba, wọn ò gbà kí èèyàn ṣa chestnut tàbí kó já olú níbẹ̀, oúnjẹ ẹranko ni wọ́n kà á sí. Mo ti rí ìyá kan, ọmọ wa ni, tí wọ́n dá dúró pẹ̀lú báàgì Lidl méjì. Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọ mi kó conkers kún àpò sòkòtò wá sílé, mo rò ó pé kí la lè fi ṣe. Mo mú páálí ẹyin oníhò mẹ́fà méjì, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ilé méjìlá pé. Mo ní ká ta ayò. Ilé kọ̀ọ̀kan gba ọmọ mẹ́rin, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀. Ká fi conkers mẹ́rin sínú ihò ẹyin, kò gbà! Méjì péré ló wọlé, ẹ̀kẹta ń yí bọ́ sórí tábìlì. A bá lọ sídìí igi óòkù tó wà lẹ́bàá títì lẹ́yìn ilé wa, a ṣa èso rẹ̀ kéékèèké, ìyẹn acorn. Ó bá ihò mu bí ẹni pé ìyẹn ni wọ́n ṣe páálí fún.

Mo kọ́ wọn ní ìkíni tí bàbá mi máa ń kí ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ ayò ta, àti ọ̀pẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n ta: "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ̀." Àwọn náà á dáhùn pé, "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ̀ ò gbọdọ̀ fọhùn." Ọmọ tó máa ń sá fún ìṣirò ló ń fojú ka ọmọ ayò mọ́kànlá nínú ilé kan kó tó fọwọ́ kàn án, kó lè mọ ibi tó máa parí sí, bóyá méjì tàbí mẹ́ta ló máa bá níbẹ̀ kó jẹ. Ó jẹ mí lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. N ò mọ̀ọ́mọ̀ fún un o.

Àṣìṣe kan ni mo ṣe. Mo gbé èso náà sórí pẹpẹ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, ìdin funfun kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò jáde nínú ẹ, wọ́n ń rìn lórí Bíbélì ìyàwó mi. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ wọn sínú ààrò tí iná rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an fún bí wákàtí kan kí wọ́n gbẹ. Èyí tó bá sì ti ní ihò tẹ́lẹ̀, ẹ jù ú nù.

Bọ̀dá Kingston

Richmond Park ni tèmi. Àgbọ̀nrín ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta, inú ọgbà náà ni wọ́n ti ń jẹ̀ kiri láti ayé Ọba Charles Kìíní, ẹni tó mọ ògiri yí i ká ní 1637. Oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni akọ wọn ń jà du abo. Ẹ máa gbọ́ igbe wọn láàárọ̀ kùtùkùtù, ó dà bí ẹni tí nǹkan há lọ́nà ọ̀fun. Ẹ dúró jìnnà, ó kéré tán àádọ́ta mítà, kí ẹ sì má jẹ́ kí ọmọ há sáàárín akọ àti abo nítorí fọ́tò. Bàbá ìyàwó mi wá lọ́dún kan, wọ́n dúró wo akọ kan tí ìwo rẹ̀ rí bí ẹ̀ka igi, wọ́n ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé ẹwà ẹ̀ ló gbà wọ́n lọ́kàn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ń wò ó ni?"

Bàbá Tọ́lá, Manchester

Ṣé London nìkan ló ní ọmọ ni? Ẹ̀yin tó wà lókè lọ́hùn-ún bíi tiwa, Blackpool. Láti ìparí oṣù kẹjọ ni wọ́n ń tan iná sí etíkun, bíi máìlì mẹ́fà, ẹ máa wà á kọjá nínú mọ́tò yín lọ́fẹ̀ẹ́. Iná mẹ́jọ péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1879. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀. Sátidé, mọ́tò kì í rìn, ọmọ á sì fẹ́ tọ̀.

Tíṣà Yorùbá, Leeds

Mò ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá láràárọ̀ Sátidé, mo sì ti rí i pé ọmọ tí wọ́n bá gbé rìn nínú igbó lọ́sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ tó máa mú wá sí kíláàsì ju ti ẹni tó fi ìwé kọ́ ọ lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ pọ̀ lórí igi níbí lásìkò yìí, ó ń kó èso pa mọ́. Ẹ ní kí ọmọ tọ́ka sí i, kó sọ pé, "Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá." Kò sí ìrókò ní Leeds, a mọ̀, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ, ìgbín, ewé tó ń wọ́, ẹrẹ̀. Kí wọ́n rí i, kí wọ́n pè é.

Ìyá Mẹ́ta, ẹ tún fojú tó aago. Ní London, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, aago mẹ́jọ alẹ́ ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni oòrùn ń wọ̀. Kí oṣù náà tó parí, ó ti di aago méje ku ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n bá wá yí aago padà ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ni. Nítorí náà, lóṣù yìí, ẹ ṣì lè gbé wọn lọ sí ọgbà láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwé lọ́jọ́ Túsìdeè, kò dìgbà tí ìparí ọ̀sẹ̀ bá dé.

Ṣé ẹ sì mọ̀ pé a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án? Ní oṣù kẹfà, ilẹ̀ kì í ṣú níbí kí ọmọ tó sùn, ibo lẹ ti máa pa á? Ọjọ́ tí aago bá yí padà ni àlọ́ ń bẹ̀rẹ̀ nílé tèmi. Aago márùn-ún, òkùnkùn ti dé, ọmọ ò tíì rorun. Ẹ ní Màmá nílé. Ẹ̀yin ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n ké "Ààlọ́ o!"

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Thamesmead

Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi. Ojú ọjọ́ oṣù kẹsàn-án ló máa ń tan èèyàn jù: àárọ̀ tutù, ọ̀sán gbóná, ìrọ̀lẹ́ tún tutù. Jákẹ́ẹ̀tì ńlá kan tí ẹ dì mọ́ ọmọ lọ́rùn ni yóò mú un làágùn, òógùn yẹn ló máa tutù sí i lára. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta lórí ara wọn, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tí omi kì í wọ̀ lókè, kí ẹ lè máa bọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbọ̀sẹ̀ méjì nínú nylon fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bàtà òjò fún oko, Àdùkẹ́ ti jẹ́rìí. Ẹ se ìrẹsì sínú fúláàsì, torí oúnjẹ ilé kàfé wọ̀nyẹn lè jẹ gbogbo owó tí ẹ rò pé ẹ ò ná.

Àwa aláwọ̀ dúdú, ẹ má gbàgbé fítámì D. Láti oṣù kẹwàá, oòrùn ibí ò lágbára tó láti fún wa. Ìmọ̀ràn ìjọba ni máíkírógíráàmù mẹ́wàá lójoojúmọ́ fún àgbà àti ọmọ tó ti lé ní ọdún kan, ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin sì ní láti máa lò ó yípo ọdún.

Ìyá Aṣiráfù àti àwọn Mùsùlùmí yòókù: fọ́ọ̀mù abẹ́rẹ́ àjẹsára fúlúù á dé láti ilé ìwé lóṣù yìí tàbí èyí tó ń bọ̀. Èyí tí wọ́n ń fín sí imú ní èròjà tí wọ́n mú lára ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé abẹ́rẹ́ lẹ fẹ́, ẹ̀tọ́ yín ni.

Ìyá Mẹ́ta, Woolwich

Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀kan ló kù tí ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn. Èyí ọmọ ọdún méjìlá. Mo ti ka gbogbo èyí fún un, ó ní, "It's long." Mo ní kí ló gùn. Ó wọ yàrá lọ.

Ẹni Tó Ti Rí I, Bexley

Àbúrò mi, mo ti tọ́ mẹ́ta kọjá ibẹ̀. Ẹ má bẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi ipá mú un. Iṣẹ́ lẹ máa fún un. Ẹ ní òun ló máa mú Màmá dání, kó ka ọ̀nà fún wọn, kó mọ ibi tí wọ́n ti ń sọ̀, kó máa túmọ̀ ohun tí wọ́n bá béèrè. Ọmọ ọdún méjìlá tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀, ojú ń tì í. Ṣùgbọ́n èyí tó ń mú ìyá àgbà rẹ̀ rìn, ọ̀gá ni lójú gbogbo èèyàn. Lóṣù tó bá tẹ̀ lé e, ẹ gbé e lọ sí London Transport Museum ní Covent Garden pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ọmọdé kì í sanwó níbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀yin bá rà á sì jẹ́ ọdún kan. Ẹ jókòó sí kàfé, kí àwọn méjèèjì máa lọ.

Ìyá Mẹ́ta, Woolwich (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì)

Mo padà wá jẹ́ iṣẹ́.

A ṣe ti Woolwich ní Sátidé àkọ́kọ́. Mo fi Màmá lé ọmọ náà lọ́wọ́ bí ẹ ṣe wí. Ó kọ́kọ́ fajú ro, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé Màmá ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi káàdì kan ẹ̀rọ, ó ṣe é fún wọn, ó ní, "Grandma, ẹ tẹ̀ lé mi." Ó bá wọn gba ìjókòó iwájú. Ọkọ̀ gbéra. Màmá wo apá ọ̀tún, wọ́n wo apá òsì, wọ́n ní:

"Ta ló ń wa ọkọ̀ yìí?"

"Kò sí ẹnì kankan, Grandma. Kọ̀ǹpútà ni."

Màmá di ọ̀pá irin mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Sáàmù kẹtàlélógún. Ọmọ náà tún wá ní, "A ti wà lábẹ́ odò báyìí o." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti òkè.

Ṣùgbọ́n lórí ferry! Atẹ́gùn ń gbé ìborùn wọn, wọ́n ń juwọ́ sí àwọn awakọ̀ akẹ́rù. Wọ́n bi mí pé èló ni. Mo ní ọ̀fẹ́ ni, láti 1889. Wọ́n ní kí wọ́n tó bí bàbá àwọn nìyẹn. Wọ́n ní ká tún un lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta la rékọjá lọ́jọ́ yẹn, àbíkẹ́yìn sùn lọ lẹ́yìn mi ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

A ò tíì dé Kent, owó oṣù ò tíì wọlé. Ti ayò la wà lórí ẹ̀ báyìí. Páálí ẹyin méjì wà lórí tábìlì. Màmá ti sọ pé ọ̀ta làwọn ní àdúgbò àwọn láyé ìgbà kan, ọmọ ọdún méjìlá sì ti ń sọ fún wọn pé ọ̀pẹ̀ ni wọ́n máa dà. A ti yan èso óòkù nínú ààrò bí Ọmọ Ọ̀yọ́ ṣe wí. Mẹ́tàlélógójì la rí. Márùn-ún ló kù, a máa wá a lọ́la lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n bá tètè tú.